Ta Ló Ní Ká Dúró De Ẹ̀rọ Ká Tó Jẹ Búrẹ́dì Ẹlẹ́ran?

 Ọ̀rọ̀ ẹran ló gbé wa dé lónìí. Ẹran kílò kan ààbọ̀ tí a fọwọ́ ara wa dà nù.

Àwa mẹ́rin la jọ háyà yàrá méjì ní Addo, lójú ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Badore. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀kan nínú wa gbé ìkòkò oníná kan wálé láti ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Slow cooker ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún: ìkòkò amọ̀ dídán tó jókòó sínú irin, tí irin náà sì ní wáyà iná. Ẹ ó kó ẹran, ata àti àlùbọ́sà sí i lálẹ́, ẹ ó tan iná rẹ̀, ẹ ó lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹran á ti rọ̀ débi pé ṣíbí lásán á máa fà á ya. Ẹ ó kó o sáàárín búrẹ́dì, ó di sáńwíìṣì. A ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù títí tí a fi ń dá itọ́ mì.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la tan ìkòkò náà. Iná lọ lóru, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa, nítorí a ti sùn. Nígbà tí a jí ní aago mẹ́fà, ilé ṣókùnkùn, ìkòkò lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìfófò funfun léfòó lójú ọbẹ̀, òórùn kíkan sì ń jáde. Ọ̀kan nínú wa ní ká tún un sè, pé iná á pa ohun tó bá wà níbẹ̀. Ẹnìkejì kọ̀ jálẹ̀, òun ló sì jàre: kòkòrò inú oúnjẹ lè kú sórí iná, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kan nínú wọn ti tu sílẹ̀ kì í bá wọn kú. A gbé e dà nù. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni mẹ́rin ló lọ bẹ́ẹ̀.

Màmá tó ń ta ẹ̀wà ní iwájú ilé wa rí wa nídìí ààtàn. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ dà nù yẹn?" A kí i, a sì rò fún un. Màmá rẹ́rìn-ín títí, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀wà tí mo gbé kaná láti òru yìí ńkọ́? Ta ló ń fún un ní iná mànàmáná? Ohun tí ẹ̀ ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò yín ló wà."

A ò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn wa, òun ló sì bí àròkọ yìí. Èrò wa nìyí, láìfepo boyọ̀: sísè ẹran jẹ́jẹ́ títí yóò fi rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ilé ìdáná wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohun tó dùn wá ni pé àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an la dúró de ẹ̀rọ, tí a sì tún dúró de Gẹ̀ẹ́sì, ká tó gbà pé oúnjẹ kan lè di tiwa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Irving Naxon ló ṣe é, ọkùnrin kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1936 ló béèrè fún ìwé àṣẹ pé òun lòun dá a sílẹ̀, ọdún 1940 ni wọ́n fún un. Níbo ló ti rí ọgbọ́n náà? Ẹnu ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa oúnjẹ kan tí ìyá tirẹ̀ ń sè ní ìlú Vilnius ní Lithuania. Júù ni wọ́n, wọn kì í dáná lọ́jọ́ Sábáàtì. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé ìkòkò ẹran àti ẹ̀wà lọ sí ilé búrẹ́dì àdúgbò. Wọ́n á tì í bọ inú ààrò tí iná rẹ̀ ti ń kú lọ, ooru tó ṣẹ́ kù nínú ààrò náà ni yóò sì máa sè é títí di ọjọ́ kejì. Cholent ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Naxon gbọ́ ìtàn yìí, ó wá ìkòkò, ó sì fi ooru iná mànàmáná yí i ká. Naxon Beanery ló pè é, nítorí ẹ̀wà ló ní lọ́kàn. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Ibẹ̀ ló ti di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ẹ tún un wò. Ẹ̀wà, ẹran, ilé búrẹ́dì, ìyá àgbà. Èwo ni kò sí ní Ajah nínú gbogbo rẹ̀? Ohun tí a ń pè ní ẹ̀rọ Òyìnbó, ìtàn ìyá àgbà kan ni tí ẹnì kan fi wáyà sí. Naxon ka ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ sí ìmọ̀. Àwa, ó di ìgbà tí màmá ẹlẹ́wà fi wá rẹ́rìn-ín.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà? Ẹran tí owó akẹ́kọ̀ọ́ ká lọ́wọ́ alápatà kì í ṣe ẹran múlọ́múlọ́. Ẹran ọrùn ni, ẹran ejìká, ẹran ẹsẹ̀. Ibi tí màlúù ti ń lo agbára jù nìwọ̀nyí, ibẹ̀ ni iṣan àti fọ́nrán funfun sì pọ̀ sí jù, ohun tó ń mú kí ẹran yi lẹ́nu bí rọ́bà. Kọ́lájìn ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ohun tó wà nínú fọ́nrán yẹn. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kọ́lájìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í yọ́ kíákíá, wákàtí ló ń gbà. Bó bá sì ti yọ́, ó di ohun kan tó ń fà, tó ń dán, tó ń mú ọbẹ̀ ki. Ẹni tó bá ti gbé ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù sínú fíríìjì, tó sì bá a ní ọjọ́ kejì tó ti dì gbagidi, ti fojú rí i.

Níbí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ, bó ti wù kí ẹ ṣí gáàsì tó. Ẹni tó ń fi iná ńlá sè ẹran kò sè é yá ju ẹni tó fi iná kékeré mú kó máa rọra hó. Omi ló ń lé gbẹ, gáàsì ló ń jó dànù, ẹran rẹ̀ náà á sì máa gan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dé ìdí rẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A ti ń pa òwe yìí nínú àròkọ ìdánwò láti ilé ẹ̀kọ́ girama, a ò mọ̀ pé ẹran ló ń bá wí.

Ẹ wo bí màmá ẹlẹ́wà ṣe ń dáná. Bí ẹ̀wà bá ti hó dáadáa, màmá á fa igi sẹ́yìn, á ku ẹ̀yinná nìkan lábẹ́ ìkòkò, á sì fi ọmọrí dé e pinpin. Kò ní wọ́n òṣùwọ̀n ooru kankan. Etí ló fi ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kọ́ Èkó ní ẹ̀wà Àgányìn, àwọn èèyàn tó ti ìhà Benin àti Tógò wá, ṣe ń sè é títí tí ẹ̀wà fi ń fọ́ fúnra rẹ̀. Búrẹ́dì Agége sì ni Èkó fi ń jẹ ẹ́. Bí a bá sì ń sọ òótọ́, ẹni tó bá ti fi búrẹ́dì mú ẹ̀wà, tàbí tó ti ki àkàrà gbígbóná bọ inú búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Ajah láàárọ̀ kùtù, ti jẹ sáńwíìṣì. Orúkọ ni kò mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń bú ẹ̀rọ. Ìkòkò àǹtí náà kì í jẹ iná púpọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń lo wọ́ọ̀tì 200 fún wákàtí 8, yúníìtì 1.6 péré ló jẹ. Ibi tó ti ní ìṣòro ni pé kò lè dá dúró bí iná bá lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí á má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ sísè pẹ́ ju wákàtí 2 lọ láàárín ìwọ̀n 5 àti 60, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń gbèrú. Ìkòkò tí iná rẹ̀ lọ ní òru, tí ẹni tó ni ín ń hanrun, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ìlú tí iná rẹ̀ kì í lọ, ó ní bí a ṣe gbọ́dọ̀ lò ó níbi tí iná ti ń ṣe bó ti wù ú.

Àwọn ẹlòmíràn ti ronú kan irú ìṣòro yìí. Ní South Africa, ní 2008, ọdún tí iná ń lọ ṣáá níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Collins gbé àpò kan jáde tó pè ní Wonderbag. Àpò aṣọ tí wọ́n ki fóòmù sí ni. Ẹ ó gbé ìkòkò kaná kó hó, ẹ ó sọ̀ ọ́, ẹ ó gbé e sínú àpò náà, ẹ ó dì í. Ooru tó ti wà nínú ìkòkò kò ní rí ibi gbà jáde, òun ni yóò máa sè é lọ. Nígbà tí a kà nípa rẹ̀, gbogbo wa yíjú sí igun yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Kúlà ńlá kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi di ìrẹsì fún ọ̀kan nínú wa níbi òkú ìyá àgbà rẹ̀. Ìran wo la tún ń wò? Ta ni kò tíì jẹ ìrẹsì òde ní aago mẹ́ta ọ̀sán láti inú kúlà tí wọ́n kó o sí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó ṣì ń yọ èéfín?

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ rántí pé ọ̀sán la ń ṣe é, nígbà tí ojú wa wà ní ìta. A kì í ṣe é lóru mọ́.

Ẹ ra ẹran ọrùn tàbí ẹran ejìká kílò kan ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí alápatà gé e wẹ́wẹ́, kí gígé kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Ẹ fi iyọ̀, atalẹ̀ àti aáyù pa á lára, kó dúró díẹ̀. Ẹ da òróró díẹ̀ sí ìkòkò, kó gbóná dáadáa, kí ẹ wá dín ẹran náà títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ kó o jáde. Ẹ fi òróró yẹn kan náà dín àlùbọ́sà ńlá méjì. Ẹ da tàtàṣé mẹ́ta, tòmátì mẹ́rin àti ata rodo méjì tí ẹ ti lọ̀ sí i. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gbà á lè fi rodo kún un. Bí ata bá ti dín tán, ẹ dá ẹran padà, ẹ fi táìmù àti kọ́rì díẹ̀ sí i, ẹ wá bu omi sí i títí yóò fi bo ẹran. Ìkòkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ló ń tọ́jú ooru. Ìkòkò tó ṣófo ní ìdajì á tutù kíákíá.

Ẹ jẹ́ kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kí ẹ sì ti ọmọrí dé e. Kí inú kúlà ti wà ní sẹpẹ́ kó tó di àkókò yẹn: ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìdí ìkòkò má bàa yọ́ ọ. Ẹ má ṣe ṣí ọmọrí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́. Ẹ gbé e wọ kúlà, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí ìró àtijọ́ dí gbogbo àlàfo tó yí i ká, ẹ pa kúlà dé. Ẹ lọ kàwé.

Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ gbé e jáde. Ó yẹ kó ṣì máa yọ èéfín gan-an, kó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ. Ẹ gbé e padà sórí iná kó hó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dá a padà sínú kúlà fún wákàtí 2 mìíràn. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá a ní lílọ́wọ́ọ́rọ́, kúlà yín ń jo ooru nìyẹn. Ẹ parí rẹ̀ sórí iná ní ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì wá kúlà mìíràn. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ tún gbé e kaná, ẹ ṣí ọmọrí, kí omi rẹ̀ gbẹ títí ọbẹ̀ yóò fi ki. Ẹ ó rí i pé bí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀kì kan ẹran náà, á tú fúnra rẹ̀. Ẹ fà á ya sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àkókò tó lò lórí gáàsì, bẹ̀rẹ̀ láti orí dídín, kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti fi wákàtí mẹ́rin mìíràn rọ̀ láì jẹ gáàsì.

Búrẹ́dì ńkọ́? Búrẹ́dì Agége ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá. Búrẹ́dì gígé máa ń fẹ́lẹ́, ọbẹ̀ á wọ̀ ọ́, á sì di ẹ̀kọ mọ́ yín lọ́wọ́. Búrẹ́dì Agége le lára, ó ń fà, ó lè gba omi ẹran mọ́ra láì fọ́. Ìtàn tirẹ̀ náà ti òkèèrè wá. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Iṣẹ́ búrẹ́dì tó gbilẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn rẹ̀ la ti rí èyí tí Agége fi orúkọ sí. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ Èkó pé búrẹ́dì Agége kì í ṣe tirẹ̀, ìjà dé.

Ẹ la búrẹ́dì náà láàárín, ẹ fi bọ́tà díẹ̀ pa inú rẹ̀, ẹ fi inú náà lé páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kó ẹran sí i. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà tútù àti ewé efinrin wẹ́wẹ́ lé e lórí. Efinrin yìí ni àwa fi kún un, kò sí nínú fídíò kankan, òun ló sì mú kí àlejò máa béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ jẹ ẹ́. Bí ọbẹ̀ bá ń ṣàn dé ìgúnpá, ẹ ti ṣe é dáadáa.

Nígbà tí a fẹ́ kọ ìlànà yìí sílẹ̀ ni ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá wo lẹ fẹ́ fi sọ simmer?" Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni o! Ìpalọ́lọ́ bá yàrá. Lẹ́yìn náà lẹnì kan ní, "Ìyá rẹ ńkọ́, kí ló máa ń sọ?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń ní kí n dín iná kù kó máa rọra hó." Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Láti ibẹ̀, ńṣe ni a kàn ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. A ń bọ ẹran, a ń se ọbẹ̀, a ń dín ẹja, a ń yan àgbàdo, a ń sun iṣu. Iná kò ṣe iṣẹ́ kan náà nínú wọn, èdè sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní brown, "dín in títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n" ni. Èyí tó wá wú wa lórí jù ni pé ẹran lè jinná kó má tíì rọ̀. Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ pé jíjinná yàtọ̀ sí rírọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni a fi kọ́lájìn àti ìwọ̀n 70 ṣàlàyé lókè yìí. Jíjinná ń yá, rírọ̀ ń gba sùúrù. Èdè wa ti fi ọ̀rọ̀ méjì ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀, kí a tó gbọ́ orúkọ kọ́lájìn rárá.

Ìkòkò àǹtí náà kò ní orúkọ, a sì fún un ní ọ̀kan: afẹ̀sọ̀sè, ohun tí ń fi ẹ̀sọ̀ sè. Mọ́fíìmù aṣẹ̀dá, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ìpajẹ. Àwọn olùkọ́ wa á yọ̀ mọ́ wa. Sáńwíìṣì ní tirẹ̀, a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. A mọ̀ pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pe búrẹ́dì ní àkàrà, ìdí nìyẹn tí àjọ àkàrà aláìwú fi wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìgboro yàn láti pè é ní búrẹ́dì, kò sì sí ohun tó ṣe èdè. Èdè tó lágbára a máa yá ọ̀rọ̀ lò. Ohun tó ń pa èdè ni kí ẹni tó ni ín máa rò pé kò lè sọ ohun tí òun ń ṣe lójoojúmọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún nìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ó sì yọrí sí rere. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. A gbọ́. Ó dùn wá, nítorí iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tó lè fagi lé ilé ìdáná. Bí a bá ń fi Yorùbá sọ nípa ooru, ìwọ̀n, àkókò àti kòkòrò nídìí ìkòkò, sáyẹ́ǹsì là ń kọ́ yẹn. Bí àwa tí à ń gba oyè nínú èdè náà kò bá lè fi kọ ìlànà oúnjẹ ojú ewé kan, ẹnu wo la fẹ́ fi bá ìjọba wí?

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ óò ní oúnjẹ Òyìnbó ni sáńwíìṣì, kí ló dé tí a ò gbé ọbẹ̀ àti ẹ̀bà lárugẹ? A kò kọ ẹ̀bà o. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀ òkèèrè ni gbágùúdá tí a fi ń ṣe gààrí ti wá, ilẹ̀ òkèèrè ni ata rodo àti tòmátì náà ti wá. Ilé ìdáná Yorùbá kò fìgbà kan ti ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn á ní ta ló ráyè wákàtí márùn-ún? Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀ kò tó wákàtí kan, kúlà ló ń ṣe èyí tó kù. Ẹ̀dùn tí a ò lè fèsì sí ni ti ẹni tó ní ẹran gan-an ti wọ́n ju agbára òun lọ báyìí. Òótọ́ ni. Fún un, à ń sọ pé ọ̀nà kúlà yìí ṣiṣẹ́ fún ẹ̀wà àti ẹsẹ̀ adìyẹ náà, búrẹ́dì Agége kò sì kọ èyíkéyìí.

A ti dá ìkòkò àǹtí padà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a ṣe kílò kan ààbọ̀ mìíràn, a sì gbé ọ̀kan sọdá fún màmá ẹlẹ́wà. Màmá jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé irú ewé wo la rẹ́ sí i.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan ṣoṣo, kó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó gbé gbogbo rẹ̀ síbí.